Ọ̀nà Léfòó Láti Ilé-Ifẹ̀

Ní ọdún tí mo fẹ́ jáde ní yunifásítì ní Ifẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, mo tẹ ìlú kan dó sí ojú òfúrufú. Mo sọ ọ́ ní Léfòó. Mo fi ọba jẹ níbẹ̀, mo yan ìjòyè mẹ́rìndínlógún tì í, mo sì ṣe òfin kan fún wọn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ kọjá ohun tó mọ̀, òfin tó mú kí gbogbo ìlú náà dákẹ́ rọ́rọ́. Ilé wọn kò ní ìpìlẹ̀, nítorí kò sí ilẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n máa ń so ewúrẹ́ wọn mọ́ òpó ilé, kì í ṣe kó má baà jẹ iṣu aládùúgbò, bí kò ṣe kó má baà fò lọ. Mo ro ohun tí wọ́n ń jẹ, mo ro bí wọ́n ṣe ń sin òkú, mo tilẹ̀ ro bí omi ẹ̀kọ ṣe máa ń dúró nínú igbá. Ohun kan ṣoṣo tí mi ò rò ni ibi tí ìlú náà wà.

Ìtàn Léfòó yìí ni iṣẹ́ àṣekágbá mi. Ní ẹ̀ka tiwa nígbà náà, ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe ìwádìí lè kọ ìtàn gígùn lédè Yorùbá dípò rẹ̀. Àwọn ọlọ́gbọ́n inú wa yan ìwádìí, wọ́n da ìwé àwọn tó ti jáde ṣáájú kọ, wọ́n sì ń sùn dáadáa. Èmi yan ìtàn, nítorí ó dá mi lójú pé òǹkọ̀wé ni Ọlọ́run dá mi. Ẹ̀rí tí mo ní kò ju pé ọmọbìnrin méjì rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka lẹ́tà kan sókè ní ọdún kejì, mi ò sì bi wọ́n léèrè ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ojú ìwé mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún ni mo kọ. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú nìkan gba mẹ́sàn-án nínú rẹ̀, níbi tí mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ọmọ aráyé lápapọ̀.

Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti kàwé lókè òkun, tó sì mú ìkòkò tábà kan bọ̀ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí tábà nínú ìkòkò náà rí. Ẹnu rẹ̀ ló ń gbé. Bó bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ gidi, á kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò lẹ́nu, nítorí náà, bí a bá ti rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń lọ sókè ní kíláàsì, gbogbo wa á gbá bírò mú.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ó ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ti ka ìtàn náà tán. Ohun tó kọ́kọ́ já mi láyà nìyẹn, nítorí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ti fi ẹnu kò pé àwọn olùkọ́ kì í kàwé wa kọjá ojú ìwé kẹwàá. Ó ṣí i sí ojú ìwé kejìlá, ó ní níbí, àwọn ará Léfòó gbéra láàárọ̀, wọ́n sì jẹun ọ̀sán láyé. Ó ṣí i sí ogójì, ó ní níbí, ọkọ̀ wọn rìn fún odindi ọdún kan, aláboyún kan tilẹ̀ bímọ sójú ọ̀nà. Ó ṣí i sí ojú ìwé kọkànlélọ́gọ́ta, ó ní níbí, ẹnì kan sín láyé, àbúrò rẹ̀ ní Léfòó gbọ́, ó sì kí i pé pẹ̀lẹ́.

Ọwọ́ rẹ̀ lọ sókè, ìkòkò tábà kúrò lẹ́nu.

“Níbo gan-an ni Léfòó wà sí ayé?”

Mo ní, “Sà, ìtàn àròsọ ni.”

“Mi ò bi ọ́ bóyá ó wà. Mo bi ọ́ níbi tó wà. Irọ́ tí kò ní àdírẹ́sì, ta ló fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́ wò?” Ó dá ìwé náà padà fún mi. “Mú ibi tó wà wá fún mi ní ọrún òní. Ìgbà náà ni n óò tó fọwọ́ sí i.”

Obìnrin tó ń tẹ̀wé fún wọn jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bí mo ṣe ń jáde, ó rọra sọ fún mi pé orúkọ àwọn tó yege kò ní kọjá agogo méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì lọ́wọ́ òun, àti pé ẹni tí wọn ò bá tíì fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún lóúnjẹ. Ìyá mi nílé ti sọ fún gbogbo ìjọ rẹ̀ pé ọdún yìí ni mo máa wọ kákí àgùnbánirọ̀. Ó ti ṣe ìdúpẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ti fi ewúrẹ́ ṣe é. Mi ò lè lọ sọ fún un nílé pé mo fìdí rẹmi nítorí pé mi ò mọ ọ̀nà ìlú tí mo fi ọwọ́ ara mi dá sílẹ̀.

Inú ìrònú yìí ni mo wà tí mo fi wọ takisí. Nígbà tí awakọ̀ bi mí léèrè ibi tí mò ń lọ, mo dá a lóhùn pé Léfòó.

Awakọ̀ náà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ibì kan wà tí òun kò mọ̀. Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Àwa ò kì í ná ibẹ̀. Ẹ bọ́ọ́lẹ̀ ní Sábó, ẹ óò rí ọkọ̀ wọn.”

Ìyá kan tó gbé adìyẹ méjì lé itan lẹ́yìn dá sí i. Ó ní wọ́n ti gbé ibùdókọ̀ wọn kúrò ní Sábó láti ọjọ́ tó ti pẹ́, àti pé ọ̀nà ibẹ̀ kò tilẹ̀ dára. Bàbá tó jókòó tì í mi orí pé òótọ́ ni, ọ̀nà ibẹ̀ burú, ìjọba kò náání wọn. Nígbà tí mo fi máa sọ̀ kalẹ̀, inú mi ti dùn díẹ̀. Ìlú mi ti ní ibùdókọ̀, ó sì ti ní ọ̀nà tí kò dára. Ó ti ń di ìlú gidi.

Ní Mọdákẹ́kẹ́ ni mò ń gbé, ní ilé baba kan tó fi yàrá mẹ́rin rẹ̀ háyà fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí a jọ wà ní yàrá ń kọ́ ìmọ̀ físíìsì. Ọmọ Ifẹ̀ pọ́ńbélé ni, agboolé wọn kò jìnnà sí ààfin, ṣùgbọ́n ó ní ariwo ilé wọn kì í jẹ́ kí òun ronú. Ẹ̀wù funfun tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ní láàbù ló máa ń wọ̀ lọ ra búrẹ́dì, kí oníbúrẹ́dì lè mọ irú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ Léfòó síwájú rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn gan-an. Ó fa ìwé yọ, ó wọ ẹ̀wù rẹ̀.

Ó ní ìràwọ̀ tó sún mọ́ wa jù lẹ́yìn oòrùn tiwa, ìmọ́lẹ̀ pàápàá máa ń rìn fún ọdún mẹ́rin àti díẹ̀ kó tó dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ kì í dúró jẹun lọ́nà. Tí ó bá jẹ́ ọkọ̀ ni, ó kọ nọ́ńbà kan tí òdo inú rẹ̀ kún ìlà kan, ó ṣẹ́rí sí ìlà kejì. Mo bi í pé àwọn ará Léfòó tó gbéra wá ra iyọ̀ láyé ńkọ́. Ó ní wọ́n á ti kú. Mo ní àwọn ọmọ wọn ńkọ́. Ó ní àwọn náà á ti kú. Ó ń ka ìran wọn lọ títí tó fi kan ìran tí kò ní rántí mọ́ pé iyọ̀ ni wọ́n ní kí àwọn rà. Mo rí i pé bí mo bá tẹ̀ lé ti ọ̀rẹ́ mi, ìsìnkú ni ìtàn mi máa dà láti ojú ìwé kejìlá dé òpin.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a gbé àríyànjiyàn náà dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, baba onílé sì gbọ́. Baba yìí ti ru ṣéènì ìwọnlẹ̀ fún àwọn awọnlẹ̀ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Gbogbo àwọn awọnlẹ̀ náà ti kú, nítorí náà òun nìkan ló kù láti sọ ẹni tó wọn ilẹ̀ gan-an, ohun tó sì ń sọ ni pé òun ni. Ó gba ìwé olódo lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó dá a padà.

Ó ní, “Kò sí ohun tí òdo ń ṣe fún ilẹ̀. Ta ni alábàáàlà wọn?”

Ó ní bí ènìyàn bá béèrè oko òun, òun kò jẹ́ sọ pé máìlì mélòó kan. Òun á ní oko ẹni báyìí ló wà lọ́tùn-ún, odò ló wà lósì, àkùrọ̀ ló wà lẹ́yìn, òun sì gbin pèrègún sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ilẹ̀ tí kò bá ní alábàáàlà, ó ní igbó lásán ni, ẹni tó bá fẹ́ á kàn wọ̀ ọ́ ni. Ó jókòó, ó ní ká bẹ̀rẹ̀.

Iwájú kò nira: òṣùpá ni. Lọ́tùn-ún, a fi àgùàlà, ìràwọ̀ tó ń bá òṣùpá rìn, sí i, nítorí baba ní àgùàlà kì í bá ènìyàn jà. Òsì gba àkókò, a sì fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ẹ̀yìn ló dá ìjà sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà lẹ́yìn ibẹ̀. Baba ní ẹ̀yìn tí ẹnì kan kò mọ̀, ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ ti ń wá, òun kò sì ní fi ọwọ́ ara òun gbé ẹjọ́ fún àwọn ọmọ Léfòó. Nígbà tó yá, a kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀yìn wọn jẹ́ ti ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Baba wá bi mí bí pèrègún ṣe máa dúró níbi tí kò sí ilẹ̀. Mo ní wọ́n á so ó mọ́ òpó ilé bí ewúrẹ́. Ó rò ó wò, ó ní ó bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa yẹ okùn rẹ̀ wò.

“Ó kù níbi tí a óò ti fa ṣéènì,” ni baba wí. “Ìdí ṣéènì gbọ́dọ̀ wà láyé. Láti iwájú ilé mi níbí ni.”

Ọ̀rẹ́ mi dìde. Ó ní òun bọ̀wọ̀ fún baba, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló mọ̀ pé Ifẹ̀ ni ojúmọ́ ti kọ́kọ́ mọ́, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè wọn ohunkóhun láyé tí kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Mo wò ó nínú ẹ̀wù funfun rẹ̀. Ní àná, ẹ̀rí ló ń béèrè fún gbogbo nǹkan.

Baba rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin ará Ifẹ̀. Ẹ fẹ́ kí ará òfúrufú náà wá tọrọ àyè lọ́wọ́ yín kó tó lè léfòó.”

“Baba, ẹni tó bá máa léfòó sórí ẹni, ṣebí ó yẹ kó kí ni.”

Wọ́n fà á títí. Ọ̀kan ní ilé àwọn, èkejì ní iwájú ilé òun. Láti ilé baba dé agboolé ọ̀rẹ́ mi, ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn ín kí iṣu tó jinná. Mo rán wọn létí pé tí a bá fi èyí wé ìlà òdo méjì, kò tó nǹkan tí à ń sọ. Àwọn méjèèjì yíjú sí mi. Wọ́n ní èmi àlejò, kò sí bí mo ṣe lè mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ẹnu kò lé lórí láti òwúrọ̀ nìyẹn, ó sì mú inú àwọn méjèèjì dùn.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, mo ní alábàáàlà mẹ́ta àti ìlà òdo méjì, mi ò sì tíì ní ọ̀nà. Mo jókòó sí ìdí àtẹ̀gùn bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ìyá onílé, ìyàwó baba, ń di ẹrù ọjà rẹ̀ lọ́wọ́. Iyọ̀, irú àti ìṣáná ló máa ń kó lọ sí àwọn ọjà oko, tí wọ́n ń ná ní ọrọrún. Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń gbọ́ wa, kò sì tíì sọ nǹkan kan. Akọ̀wé ló máa ń pè mí, ohùn rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ bóyá oyè ni tàbí èébú.

“Akọ̀wé, kí ni wọ́n ń wá ṣe láyé, àwọn ènìyàn rẹ yìí?”

Mo ní iyọ̀ ni wọ́n ń wá rà.

Ó fi ẹrù sílẹ̀. “Ṣé wọ́n ń rà á púpọ̀?”

Mo ní àpò àpò ni, nítorí kò sí iyọ̀ rárá lọ́dọ̀ wọn. Ó fa àpótí, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ojú tó fi ń wò mí yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀.

Ó ní, “Ẹni tó ń ra iyọ̀ kò lè rin ọdún kan. Ọbẹ̀ á ti tẹ́ sí wọn lẹ́nu, wọ́n á ti pa ara wọn. Kò sì lè jẹ́ àárọ̀ sí ọ̀sán. Bó bá sún mọ́ tó bẹ́ẹ̀, ǹ bá ti débẹ̀.” Ó wo òkè díẹ̀. “Ọrún ni. Wọ́n á gbéra lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á dé lọ́jọ́ Ẹtì. Kò sí oníṣòwò tí kì í gbéra lọ́jọ́ Ajé.”

Ó padà sídìí ẹrù rẹ̀. Nǹkan tí a ti fi ọjọ́ mẹ́ta wá, kò jẹ́ kí irú rẹ̀ tutù kó tó rí i.

Mo sáré wọ yàrá. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé, “Ìrìn ọrún ni Léfòó wà sí ayé, fún ẹni tó bá tètè jí.” Mo fi òṣùpá àti àgùàlà tì í nítorí baba. Ojú ìwé kejìlá àti ogójì gba ọjọ́ wọn láìjanpata. Ojú ìwé kọkànlélọ́gọ́ta nìkan ló yọ mí lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n mo tún un ṣe: ẹ̀gbọ́n sín lọ́jọ́ Ajé, àbúrò gbọ́ ọ lọ́jọ́ Ẹtì, ó ní pẹ̀lẹ́, nígbà tí ọ̀fìnkìn ti kúrò lára ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rẹ́ mi ní ìró sísín kò lè kọjá níbi tí kò sí afẹ́fẹ́. Mo ní ó ti kọjá. Ó ní kò burú, ó kéré tán, kó jẹ́ kí òun ya máàpù sí iwájú ìwé náà, kí sáyẹ́ǹsì má baà ṣàìsí níbẹ̀ rárá.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló fi ya á. Ayé wà láàárín. Ó ya òrùka márùn-ún yí i ká, òrùka kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìrìn ọjọ́ kan fún ọkọ̀ wọn, wákàtí mẹ́rìnlélógún géérégé. Léfòó wà lórí òrùka karùn-ún, ó fi ọfà han ìhà àríwá, ohun tí mi ò tíì mọ ìwúlò rẹ̀ títí di òní. Ó lẹ́wà débi pé mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo gbé e fún oníṣẹ́ ìdìwé pẹ̀lú ìyókù, ó sì dì í pọ̀ pinpin.

Ní ọjọ́ Ẹtì, agogo mọ́kànlá kọjá díẹ̀ nígbà tí mo dé ọ́fíìsì olùkọ́ mi. Obìnrin tó ń tẹ̀wé ti kó ìwé orúkọ sínú ẹ̀rọ rẹ̀, ó ku ìlà kan nísàlẹ̀, ó sì fojú sọ fún mi pé èmi ni ìlà náà. Olùkọ́ mi ka gbólóhùn mi. Ìkòkò tábà kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ka òṣùpá, ó ka àgùàlà, ó mi orí. Ó ṣí i sí ojú ìwé kejìlá, ó ṣí i sí ogójì, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí sísín náà. Ọkàn mi ti ń wọ kákí. Ó wá ṣí i sí iwájú, ó kan máàpù.

Ó fi ìdí bírò ka àwọn òrùka náà. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sókè.

“Òrùka márùn-ún ló wà níbí. Nínú ìtàn rẹ, wọ́n gbéra lọ́jọ́ Ajé, wọ́n dé lọ́jọ́ Ẹtì. Mẹ́rin nìyẹn.”

“Ọrún ni, sà.”

“Márùn-ún ni ọrún.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ajé sí Ẹtì ńkọ́?”

“Ọrún ni, sà.”

Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá mò ń fi òun ṣeré. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sábẹ́ tábìlì, mo sì rí èjìká rẹ̀ tó ń mì díẹ̀díẹ̀: ó ń fi ìka kà á. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ti bẹ̀rẹ̀, ó bá mẹ́rin. Èmi náà kà á lójú rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, mo bá márùn-ún. Olùkọ́ mìíràn tó wá yá ṣọ́ọ̀kì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí ló dé, wọ́n sọ fún un, òun náà na ìka rẹ̀ jáde. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ́fà ló bá. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi méjì tó ń dúró de èsì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti ń kà, mo ń gbọ́ ohùn wọn. Ọ̀mọ̀wé méjì àti ẹni mẹ́ta tó fẹ́ gba dìgírì dúró, wọ́n ń ka ìka ọwọ́ wọn láàárín ọ̀sán gangan, agogo ara ògiri sì ń lọ. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó lu méjìlá.

Obìnrin tó ń tẹ̀wé gbé ojú sókè. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ tí a bá bí lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ la ń sọ ọ́ lórúkọ. Ṣebí ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e náà ni. Tí ẹ bá kà á bí ẹ ṣe ń kà á yìí, ọjọ́ keje ló máa jẹ́.”

Olùkọ́ mi ní àṣà nìyẹn, pé ìrìn ọkọ̀ lójú òfúrufú kì í ṣe ìkómọjáde. Ó pa ìwé náà dé. Ó ní kí n lọ tún máàpù tàbí ìtàn ṣe, èyí tó bá wù mí, kí n sì padà wá.

Mo wo ìlà òfìfo tó wà nísàlẹ̀ ìwé orúkọ. Mo rántí ìyá mi àti ewúrẹ́ ìdúpẹ́, tí wọ́n ti jẹ tán. Nígbà náà ni mo rántí ohun tí olùkọ́ mi fúnra rẹ̀ fi ẹnu sọ.

“Ẹ má bínú, sà. Ní ọjọ́ Ajé, ẹ ní kí n wá ní ọrún òní. Bó bá jẹ́ bí ẹ ṣe kà á yìí ni, ọ̀la, ọjọ́ Àbámẹ́ta, ni ọrún náà. Mo ti fi ọjọ́ kan tètè dé nìyẹn. Ṣé kí n padà wá lọ́la?”

Ẹni tó wá yá ṣọ́ọ̀kì ká ìka rẹ̀ padà. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀gá kì í dé ọ́fíìsì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àti pé láti àárọ̀ ló ti ń retí mi, torí ó ti fi ìwé àwọn tó kù sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì fi àyè tèmi sílẹ̀. Ó wò mí. Mo wo ilẹ̀, bí ọmọlúàbí.

Ó ti ìkòkò tábà padà sẹ́nu, ó fọwọ́ sí i.

Kí íńkì tó gbẹ ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń ta orúkọ mi. Olùkọ́ mi ní máàpù yẹn kò tọ̀nà síbẹ̀síbẹ̀, kí n yọ ọ́. Obìnrin náà ní ó ti wà ní dídì, sà, orúkọ sì ń lọ báyìí. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí olùkọ́ mi pè mí padà, ìkòkò tábà tún ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Láti ibo lẹ ti wọ̀n ọ́n? Láti Ifẹ̀ ni, àbí láti Mọdákẹ́kẹ́?”

“Ó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn àgbà, sà.”

Ẹsẹ̀ ni mo fi sá dé Mọdákẹ́kẹ́, mi ò rántí pé takisí wà. Nígbà tí mo dé iwájú ilé, baba ti gbẹ́ ihò, ó ti gbin pèrègún kan síbẹ̀, ó sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí rẹ̀. Ó ní ìdí ṣéènì nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wú u. Mo sọ fún un pé wọ́n ti fọwọ́ sí i, ó ní kí ni wọn ò ní fọwọ́ sí nígbà tí awọnlẹ̀ ti dé ibẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi dúró kí baba wọlé, ó ya ẹ̀ka kan lára pèrègún náà, ó gbé e sábẹ́ ẹ̀wù funfun rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà agboolé wọn lọ. Bí mo ṣe ń kọ èyí, mo gbọ́ pé ó ti di igi ńlá níbẹ̀.

Ìyá onílé dé láti ọjà nígbà tí oòrùn ń rọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó ní kí n dìde, kí n má ba aṣọ tí mo máa fi jáde yunifásítì jẹ́. Ó bi mí bóyá ó dájú pé ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ń dé. Mo ní ọjọ́ Ẹtì ni. Ó wo ojú ọ̀run, ó wo ẹrù rẹ̀, ó wá yọ àpò iyọ̀ kan sọ́tọ̀, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní ènìyàn kì í mọ̀.

Mo wọ kákí. Ìyá mi ya fọ́tò pẹ̀lú mi, ó sì kọ́ ọ sí ògiri ìyẹ̀wù. Ìwé náà ṣì wà níbi tí wọ́n ń kó irú rẹ̀ sí ní ẹ̀ka wa, bí eku kò bá tíì jẹ ẹ́. Bí ẹ bá ṣí i sí iwájú, ẹ óò rí ọkọ̀ Léfòó lórí máàpù ọ̀rẹ́ mi: nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́, ó ṣì ku òrùka kan kó tó kan ayé. Bí ẹ bá wá ṣí i sí ogójì, ọjọ́ Ẹtì kan náà ni, àwọn èrò ọkọ̀ yẹn ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti gbọn aṣọ wọn, wọ́n ti yí ìyá kan ká lẹ́nu ọ̀nà ilé kan ní Mọdákẹ́kẹ́, wọ́n ní iyọ̀ rẹ̀ ti wọ́n jù.